Aṣọ́lé

Ẹ̀yìn ni ìyá mi máa ń fi rìn yí ìkòkò ká
ní agboolé wa ní Dàda, l'Ókèléle.
Amọ̀ á dúró lójú kan, òun ni yóò máa yí i po,
ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde,
ìdí lókè, ojú nílẹ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, kí Kóòṣì Búsàrí tó rí mi rárá:
bí èèyàn ṣe ń padà sẹ́yìn
láì bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n ní kí ni ọmọbìnrin ń wá láàárín igi méjì.
Àáfà àdúgbò wa ò bínú, ó kàn béèrè
ṣé híjáàbù mi ò ní dí mi lójú.
Mo so ó le dan-in,
mo mú bọ́ọ̀lù tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbá.
Àáfà rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ni ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rìnlá.
Ẹ má bi mí léèrè ife-ẹ̀yẹ, ẹ bi mí léèrè ọ̀nà.
Mo mọ gbogbo kòtò tó wà láti Ìlọrin dé Lọ́kọ́ja,
mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu sísun tó ti tutù
ní aago méjì òru, tí bọ́ọ̀sì bá dákú,
táwa mọ́kànlélógún á sùn lé ara wa lórí
bí ìkòkò tí wọ́n tò de iná.
Ní Yẹnagóà ni ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi ti ṣẹ́.
Kóòṣì fi sẹ́lótéèpù dì í mọ́ ẹnìkejì rẹ̀,
ó ní, "Hàwáù, ó ku ogún ìṣẹ́jú."
Ó kù ú lóòótọ́. Mo ṣọ́ ọ tán.
Ìka náà ò tẹ̀ mọ́ títí dòní.

Owó oṣù?
Oṣù á lé, owó rẹ̀ kì í bá a lé.
Ọdún kan, mo lọ sí ìlú òtútù kan
níbi tí ìbọ̀wọ́ mi ti ń gan bí pákó,
tí wọ́n ń pe orúkọ mi bíi pé wọ́n ń sín.
Owó ibẹ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú ìyá mi,
mo fi ìyókù ra ilẹ̀ kan ní Òkè-Oyì
tí ẹni mẹ́ta mìíràn náà ti rà.
Aṣọ́lé ni wọ́n ń pè mí lórí rédíò.
Ilé wo?

Lọ́jọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi.
Ìlà méjì. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ.
Wọ́n dúpẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo padà sí agboolé.
Ìyá mi gbé amọ̀ fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan.
Ìka tí kò tẹ̀ ń fa ilà tí n ò rán an
sí ọrùn gbogbo ìkòkò tí mo bá mọ.
Ó fi àtàǹpàkò pa méjì rẹ́,
ó fi ìyókù sílẹ̀.
Òun ò wá sí pápá rí. Ó ní ariwo ibẹ̀ á máa jọ ti ìkòkò tó fọ́.

Alámísì tó kọjá, lẹ́yìn Àsárì,
àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí ibi tá a sá ìkòkò tútù sí,
mọ́kàndínlógójì, a ò tíì sun ọ̀kan.
Mọ́ńsúrù ló gbá a. Ó gbá a dáadáa, ẹ jẹ́ n sòótọ́,
ẹsẹ̀ òsì, ó tẹ̀ bí dòjé.
N ò ronú. Orúnkún mi tó ń ké lóròòru ò ronú.
Mo fò.

Eruku rọra ń sọ̀ kalẹ̀.
Bọ́ọ̀lù wà láyà mi. Ìkòkò pé.
Ìyá mi dúró, amọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá,
ó wò mí nílẹ̀, ó wò mí pẹ́,
ó ní, "Ṣé ohun tí o ti ń ṣe látọjọ́ yìí nìyẹn?"
Mo ní, "Òun ni, Ìyá mi."
Ó ní kí n dìde, kí n má tẹ amọ̀ òun.
Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Mọ́ńsúrù,
ó ní kó tún un gbá.